Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: NỌ́ḾBÀ NIN WA, TA NI A Ń KÓ O FÚN?

Gbogbo ẹni tó wà ní ìpàdé wa tó kọjá ló mọ ìdí tí mo fi yan ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí mo ka ìpinnu ìgbìmọ̀ jáde pé kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ yá owó mú ẹ̀dà ìwé NIN rẹ̀ wá, kí àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì náà mú tiwọn wá, ìyá wa kan tí ń ta epo ní Ọjà Timi dìde. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n ní: "Akọ̀wé, ẹ má bínú o. Ta ni ẹ ń kó nọ́ḿbà wa jọ fún?" Mo ní ìjọba ló ní kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ní ìjọba wo? Mo ní bánkì ni. Wọ́n ní, "Ó wá di bánkì báyìí? Bánkì ni àbí ìjọba?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé ni mo rí i pé n kò dáhùn ìbéèrè ìyá rárá.

Láti ìgbà náà mo ti ka ìwé ìròyìn, mo ti bi àwọn tó mọ̀ jù mí lọ léèrè, mo sì ti padà wo inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì wa fúnra mi. Ohun tí mo rí nínú kọ́bọ́ọ̀dù náà kò dùn mọ́ mi. N ó sọ ọ́ nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí NIN jẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń lò ó tí kò yé wa. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2007 ló dá àjọ NIMC sílẹ̀, èyí tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ wọn ni láti fún olúkúlùkù ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo, oníye 11, tí kì í yí padà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. NIN kì í ṣe káàdì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe bébà. Bébà tí ẹ ń tọ́jú sínú náílọ̀n yẹn, ẹ̀rí lásán ni pé wọ́n ti kọ yín sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni inú kọ̀ǹpútà ìjọba, níbi tí orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín, àdírẹ́sì yín, nọ́ḿbà fóònù yín, fótò ojú yín àti ìtẹ̀ka ìka yín mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà. Àwọn tó ti gbà á ti lé ní 100 mílíọ̀nù láti ọdún 2023. Èyí tí wọ́n ń pè ní BVN yàtọ̀ sí i. Ti bánkì nìyẹn, báńkì àpapọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2014. Nítorí pé iye 11 ni òun náà, àwọn ènìyàn máa ń pa méjèèjì pọ̀. Mo ti rí ẹni tó kọ BVN síbi tí wọ́n ti béèrè NIN, tí ó sì tún ń bá ọmọdé tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jà.

Òfin 2007 yìí kan náà ka àwọn ibi tí a kò ti lè ṣe láìní nọ́ḿbà náà: gbígba ìwé ìrìnnà, ṣíṣí àkáǹtì bánkì, ríra ilẹ̀ àti fífi orúkọ ilẹ̀ sílẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, sísan owó-orí, àti àwọn mìíràn. Nítorí náà ẹni tó bá ní òun kò ní gba NIN láéláé, kí ó mọ̀ pé ilẹ̀kùn tó ń tì mọ́ ara rẹ̀ pọ̀.

ÌDÍ TÍ Ẹ̀RÙ FI Ń BA ÈNÌYÀN

Àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà kí òyìnbó tó dé. Nígbà tí òyìnbó wá dé tó bẹ̀rẹ̀ sí kà wá, ohun tó ń tẹ̀lé kíkà náà kò pẹ́ hàn: owó-orí ni. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé nígbà ìkànìyàn ọdún 1952 sí 1953, ọ̀pọ̀ ló fara pamọ́, tí àwọn mìíràn kò sì dárúkọ gbogbo ọmọ wọn. Nígbà tó yá, a wá rí i pé iye ènìyàn ni wọ́n fi ń pín àga ilé ìgbìmọ̀ àti owó ìlú. Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí bìrí nìyẹn. Ẹni tó ń fi ọmọ pamọ́ lánàá wá ń ka òkú mọ́ alààyè. Wọ́n kà wá ní 1962, ìjọba fagi lé e. Wọ́n tún wa kà ní 1963, ó di mílíọ̀nù 55 ó lé, ìjà sì pọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n kà wá ní 1973, wọ́n ní a jẹ́ mílíọ̀nù 79 ó lé, ṣùgbọ́n nígbà tí Murtala Muhammed gba ìjọba ní oṣù keje ọdún 1975, ó da iye náà nù, ó ní ti 1963 ni kí a ṣì máa lò. Ti 1991 wáyé, ti 2006 wáyé, èyí tó fi wá sí mílíọ̀nù 140 ó lé. Ti oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba sún un síwájú nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀.

Bí ẹ bá ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi àwọn baba wa tó ń sá fún ìkànìyàn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra. Ohun tí àwọn baba ń bẹ̀rù kì í ṣe àlá. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, NIN ẹni gan-an ni ìjọba ń lò gẹ́gẹ́ bí nọ́ḿbà owó-orí rẹ̀. Kíkà àti owó-orí ti pàdé lójúkorojú. Kí n sì tètè fi èyí kún un kí jìnnìjìnnì má bàa bo ẹnikẹ́ni: òfin kan náà sọ pé 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí owó-orí kàn lọ́dún, kọ́bọ̀ kan kò sí lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń pàtẹ, èrè wa lẹ́yìn ìnáwó kò kọjá ibẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ohun tí owó-orí dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn yìí ní 1968 sí 1969, nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, kò ní yà á lẹ́nu pé àgbà yóò kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kí ó tó tẹ̀ka.

Ti káàdì ìdánimọ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 2001 ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ káàdì fún ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ SAGEM, owó iṣẹ́ náà lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2003 wọ́n kọ orúkọ wa jákèjádò ilẹ̀ yìí. Èmi náà tò sórí ìlà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà, mo gé irun kí fótò mi lè dára. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní 50 mílíọ̀nù, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù mílíọ̀nù ènìyàn ni káàdì kò tẹ̀ lọ́wọ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti gbé àwọn tó ti jẹ́ mínísítà lọ sílé ẹjọ́ pé wọ́n gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lórí iṣẹ́ náà. Ní 2014 wọ́n tún gbé káàdì mìíràn jáde, èyí tí àmì MasterCard wà lára rẹ̀, àwọn ènìyàn sì béèrè pé kí ni àmì oníṣòwò ilẹ̀ òkèèrè ń ṣe lára káàdì ọmọ Nàìjíríà. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Èyí tí gbogbo wa kò lè gbàgbé ni ti síìmù. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2020, àṣẹ jáde pé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹni tí kò bá so NIN mọ́ síìmù rẹ̀, wọn yóò ti fóònù rẹ̀ pa. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ìgbà náà sì ni àrùn Kòrónà ń jà, tí ìjọba kan náà ní kí a má ṣe péjọ. Ẹ rántí bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi ìdájí lọ tò síwájú ọ́fíìsì káàkiri ilẹ̀ yìí, ìyá àgbà lórí àpótí, ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú, wọ́n tún sún un, wọ́n tún sún un, títí ó fi di ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó dí ìlà tó lé ní 70 mílíọ̀nù pé wọn kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Títí di oṣù kẹsàn-án 2024 ni wọ́n ṣì ń dá ọjọ́. Lójú tèmi, sísún tí wọ́n ń sún ọjọ́ yìí ba ìfọkàntán jẹ́ ju dídí ìlà lọ. Alájọ tó bá ní òun yóò kó àjọ ní Mọ́ńdè, tí kò wá, tó tún ní Túsìdeè, tí kò wá, ṣé ẹ óò gbà á gbọ́ bó bá dá Wẹ́sìdeè?

Ṣùgbọ́n ìdí tí ìyá elépo fi dìde kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí. Ohun tí àwọn ọmọ wọn kà fún wọn lórí fóònù ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn oníròyìn tú u síta pé ojú òpó kan tí ń jẹ́ XpressVerify ń ta àkọsílẹ̀ NIN àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ẹgbẹ́ Paradigm Initiative tún kígbe síta nípa òmíràn tí ń jẹ́ AnyVerify, níbi tí ènìyàn ti lè ra NIN tàbí BVN ẹlòmíràn ní 100 náírà. Ọgọ́rùn-ún náírà, ẹ̀yin ará. Kí ni ẹ lè rà ní ọjà wa fún 100 náírà lónìí? Àjọ NIMC dáhùn pé kò sí ẹni tó já wọ inú ibi tí òun kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí, pé òun kò sì fún àwọn ojú òpó náà láṣẹ. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti tọ́jú kòkó sínú sítóò rí mọ̀ pé olè kò ní láti já àjà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí NIMC fún ní àṣẹ láti máa yẹ nọ́ḿbà wò pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì dà bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ń yá ẹlòmíràn ní kọ́kọ́rọ́, tí ẹni náà sì tún yá ẹlòmíràn, ògiri sítóò yóò dúró digbí, kòkó inú rẹ̀ yóò sì máa dín.

Ẹ tún wo èyí. Ní oṣù keje ọdún 2023, nígbà tí àwọn gómìnà àti igbákejì ààrẹ ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ ọrọ̀-ajé orílẹ̀-èdè, wọ́n jáde wá sọ pé ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àwọn aláìní sí, èyí tí wọ́n fẹ́ fi pín owó ìrànlọ́wọ́, kò ṣeé gbára lé. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ìwé ní òun kò gba ìwé gbọ́. Àwa wá ń wo ìyá elépo bí ẹni tí kò lajú.

IBI TÍ Ó TI Ń TA WÁ LÁRA JÙ

Àwọn tó ń ṣe ìwé ìjọba rò pé orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo ni, pé gbogbo ènìyàn ló mọ ọjọ́ tí wọ́n bí òun. Ní Ẹdẹ níhìn-ín, obìnrin kan lè jẹ́ Mosúnmọ́lá nílé bàbá rẹ̀, kí ó jẹ́ Ràṣídátù nílé kéwú, kí ó jẹ́ Ìyá Sùlé lójú pátákó ìtajà, kí wọ́n sì máa pè é ní Alájà lẹ́yìn tó bá ti Mẹ́kà dé. Orúkọ bàbá ló lò nígbà tó ṣí àkáǹtì àkọ́kọ́, orúkọ ọkọ ló sì fi gba káàdì ìdìbò. Akọ̀wé tó kọ ọ́ fún NIN wá kọ Rashidat, ti bánkì jẹ́ Rasidat, ti BVN jẹ́ Rasheedat. Ẹnì kan náà ni. Ojú kan náà, ìka kan náà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ Ṣ wa, létà ló ń kà, bí létà kan bá yàtọ̀ yóò ní kì í ṣe òun.

Ti ọjọ́ ìbí le jù bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan sọ fún mi pé ohun tí ìyá òun sọ fún òun ni pé ọdún tí Timi Láoyè wàjà ni wọ́n bí òun. Ọdún 1975 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà kò bi wọ́n léèrè Timi kankan, ó wo ojú wọn, ó kọ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1970 síbẹ̀. Ọdún márùn-ún gbáko wọ inú ọjọ́ orí wọn láàárín ìṣẹ́jú kan. Bánkì wọn ti kọ 1975 tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀yáwó, méjèèjì kò bára mu. Títún ọjọ́ ìbí ṣe kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ní ọdún 2025 owó rẹ̀ di 28,574 náírà. Wọ́n bi mí pé agbọ̀n tòmátò mélòó ni àwọn máa tà kí èrè tó tó bẹ́ẹ̀, kí àwọn lè san án nítorí àṣìṣe tí kì í ṣe ti àwọn. N kò rí èsì fún wọn. Tí kò bá sì sí àtúnṣe, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ lórí owó wọn, nítorí ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 báńkì àpapọ̀ pàṣẹ pé ní ọdún 2024, kí wọ́n dá àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN dúró.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ tàbí tó fẹ́ mú ọmọ lọ, ẹ kọ orúkọ sórí bébà láti ilé bí ó ti wà nínú ìwé bánkì, ẹ gbé e sójú ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́. Kí ó tó tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn, ẹ ní kí ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí yín. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ mú ọmọ ilé-ìwé kan dání. Fífi orúkọ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ san nǹkan, ẹ béèrè ìwé owó tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ óò rí i bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe rọ̀.

KÍ LÓ DÉ TÍ Ẹ FI GBA ÌWÉ ẸGBẸ́ GBỌ́?

Mo bi ara mi ní ìbéèrè yìí. Gbogbo yín ló ń kó owó fún wa lóṣooṣù, ẹ̀rù kì í sì í bà yín. Kì í ṣe nítorí pé ojú mi dára. Ìdí ni pé ìwé kékeré wà lọ́wọ́ olúkúlùkù, ìwé ńlá wà lọ́wọ́ mi, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí mo bá kọ 5,000 sí tiyín, tí mo kọ 3,000 sí tèmi, ìjà dé nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún, ọ́dítọ̀ yóò dé, kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa, kò jẹ wá ní nǹkan kan. Ní ìpàdé gbogbogbòò, ẹni tó kéré jù nínú wa lè dìde kí ó ní kí akápò ṣàlàyé. Láti ìgbà òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti 1935 ni irú ìlànà báyìí ti wà. Àwọn tó ṣe òfin náà mọ̀ pé àgbẹ̀ kò ní gbé owó kòkó rẹ̀ fún akọ̀wé kan lásán nítorí pé akọ̀wé náà mọ̀wé.

Bí a bá fi NIN wé ìwé ẹgbẹ́, ìwé ńlá wà ní Àbújá, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kò ní ìwé kékeré. A kò mọ ẹni tó ṣí ojú ewé wa lánàá. Ní orílẹ̀-èdè Estonia, ilẹ̀ kékeré kan ní ìhà àríwá Yúróòpù, ọmọ ìlú lè wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó wo ọ́fíìsì tó yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò àti ìgbà tó wò ó. Ìwé kékeré tiwọn nìyẹn. Ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí iye tó gba nọ́ḿbà wọn tí ń jẹ́ Aadhaar ti lé ní bílíọ̀nù kan, ìwé ìròyìn The Tribune kọ ọ́ ní oṣù kìíní ọdún 2018 pé 500 rúpì péré ni oníròyìn wọn san kí ilẹ̀kùn àkọsílẹ̀ tó ṣí fún un. Ẹ rí i pé kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ ní ìjọba lè lo nọ́ḿbà náà fún owó ìrànlọ́wọ́ àti owó-orí, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ fi dandan so ó mọ́ àkáǹtì bánkì tàbí síìmù. Ní Kẹ́ńyà, ilé-ẹjọ́ gíga dá iṣẹ́ káàdì Huduma dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, nítorí pé ìjọba kò kọ́kọ́ yẹ ewu tó lè ti ibẹ̀ wá sí àkọsílẹ̀ ará ìlú wò. Àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ sílé ẹjọ́ kì í ṣe ọ̀tá ìlọsíwájú.

Àwa náà ti ní òfin. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ààrẹ fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara ẹni. Ó ní ẹni tó bá ń gba àkọsílẹ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe, kò gbọdọ̀ gbà ju èyí tó nílò, kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ pẹ́ ju bó ti yẹ, ẹni tó ni í sì lè ní kí wọ́n fi han òun, kí wọ́n tún un ṣe. Ìtanràn wà níbẹ̀: fún àwọn kékeré, ó lè tó mílíọ̀nù 2 náírà, tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún wọn lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo rò pé ìjọba àti bánkì ni wọ́n ń bá wí. Mo tún un kà. Àwa náà ni.

OHUN TÍ MO RÍ NÍNÚ KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ

Láti nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni a ti ń gba ẹ̀dà NIN lọ́wọ́ ẹni tó bá yá owó. Ta ló ní kí a máa gbà á? Mo wá ìwé tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀, n kò rí i. Bánkì tí ẹgbẹ́ ń lò béèrè ti alága, ti akápò àti tèmi, àwa mẹ́ta tí ń fọwọ́ sí ìwé sọ̀wédowó. Kò béèrè tiyín. Àwa la rí bánkì tó ń ṣe é, tí àwa náà ń ṣe é. Kọ́bọ́ọ̀dù náà kò ní àgádágodo. Ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ ju iye ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ, nítorí a ń gba tuntun ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá tún yá owó, a kì í sì í da ti tẹ́lẹ̀ padà.

Èyí tó burú jù nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìpàdé, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ra ẹ̀pà lẹ́bàá ọ̀nà Akọ́dà. Nígbà tó jẹ ẹ́ tán, ó tú bébà náà, ó rí ojú ẹnì kan tó mọ̀. Ẹ̀dà NIN ni, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé e wá fún mi láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Mo rántí pé nígbà tí a kun ọ́fíìsì lọ́dún tó kọjá, mo ní kí ọmọ tó ń bá wa gbálẹ̀ kó àwọn bébà àtijọ́ tó wà nílẹ̀ dànù. Ọmọ náà kò dà wọ́n nù, ó tà wọ́n fún oníbébà. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Èmi ni mo ní kí ó kó wọn, n kò sì wo ohun tó wà nínú wọn. Mo ti lọ bá ẹni tí ojú rẹ̀ wà lórí bébà náà nílé, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n gbà. N kò lè sọ iye bébà mìíràn tó ti wé ẹ̀pà. Mo ti jẹ́ kí ìgbìmọ̀ gbọ́, mo sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo yín níhìn-ín.

Ìgbìmọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà, a sì fẹnu kò. A kò ní gba ẹ̀dà NIN mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ mọ ẹni tó ń yá, onídùúró mọ ọ́n, ilé rẹ̀ kò sọnù. Bí ètò ìjọba tàbí ti bánkì kan bá béèrè rẹ̀ lọ́nà òfin, a óò sọ fún olúkúlùkù ibi tí ó ń lọ kí ó tó mú un wá, yóò sì fọwọ́ sí i tàbí kí ó kọ̀. Gbogbo ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ ni a óò dá padà fún ẹni tó ni ín. Èyí tí ẹni tó ni ín bá ní òun kò fẹ́, a óò sun ún lójú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tí kò sí nínú ìgbìmọ̀. A ti ra àgádágodo. Kọ́kọ́rọ́ méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ alága, ọ̀kan lọ́wọ́ mi, kò sì ní ṣí bí àwa méjèèjì kò bá sí níbẹ̀.

Ní ti àwa fúnra wa lẹ́nu òwò, àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ẹni tó bá pè yín lórí fóònù pé òun wá láti NIMC tàbí bánkì, pé kí ẹ ka NIN yín fún òun, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Bí ẹ bá gbàgbé nọ́ḿbà yín, ẹ tẹ *346# lórí síìmù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀, yóò jáde, ẹ kò nílò àgbègbà kankan. Láti ọdún 2022 ni NIMC ti ṣe nọ́ḿbà àfidípò tí ènìyàn lè fi fóònù gbà, tí agbára rẹ̀ ń tán lẹ́yìn wákàtí 72. Ibi tí wọ́n bá ti gbà á, ẹ fún wọn nìyẹn, kí ẹ fi ojúlówó pamọ́. Ní 2024 NIMC kìlọ̀ fún àwọn tó ń ta NIN wọn ní ẹgbẹ̀rún kan tàbí méjì náírà. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kan ń rìn káàkiri ọjà pẹ̀lú fóònù, wọ́n ń ní kí ìyá fi ojú wo ibí, kí wọ́n gba owó kékeré. Àkáǹtì ni wọ́n ń fi orúkọ yín ṣí. Bí wọ́n bá fi lu jìbìtì, ilé yín ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ dé.

Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ yóò wà ní ṣíṣí ní gbogbo Sátidé oṣù yìí láti aago 9 àárọ̀ títí di aago 12 ọ̀sán, fún dídá àwọn ẹ̀dà padà. Ẹ mú ìwé ìdáwó yín dání kí a lè mọ ojú ewé yín kíákíá. Ìyá elépo ti ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ni yóò kọ́kọ́ dé, pé kí n sì má pẹ́.